Kútọnu títí dé Lomé: báwo ni kí a ṣe kó owó dání?

Àdùkẹ́_Ìbàdàn

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Èmi àti ìyá mi kékeré fẹ́ gba bọ́dà Sèmè lọ sí Kútọnu ní Bẹ̀nẹ̀ lọ́sẹ̀ méjì sí i. Bí a bá ṣe tán níbẹ̀, a ó kọjá sí Lomé ní Tógò. Áńkárá la fẹ́ lọ rà, a sì fẹ́ mọ ọjà náà kí a lè máa lọ déédéé. Owó tí a kó jọ tó mílíọ̀nù kan ààbọ̀ náírà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dojú rú nìyí: ìyá mi kékeré ní kí a ṣẹ́ gbogbo rẹ̀ sí sẹ́fà, owó tí wọ́n ń ná níbẹ̀, ní bọ́dà, kí òun dì í mọ́ inú tòbí. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní ayé àtijọ́ nìyẹn, pé kí n mú káàdì báǹkì mi dání, ó parí. Èmi ò tíì kọjá Àgbádárìgì rí láyé mi. Ẹ̀yin tí ẹ ń rin ọ̀nà yẹn, báwo lẹ ṣe ń ṣe é? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i.

Ìyá_Aláṣọ_Gbági

Àdùkẹ́ ọmọ mi, o káre tí o béèrè kí o tó lọ. Gbági ni mo ti ń tajà, láti 1992 ni mo sì ti ń ná ọjà Dantokpa ní Kútọnu.

Ìyá rẹ kékeré ò ṣì wí lórí tòbí. Ó kàn jẹ́ pé gbogbo owó kì í gbé inú tòbí kan ṣoṣo. Ìyá tó kọ́kọ́ mú mi wọ ọjà náà máa ń pín owó wa sí ọ̀nà mẹ́ta kí a tó jáde nílé. Owó ọkọ̀ àti owó oúnjẹ wà nínú báàgì ọwọ́, kò pọ̀, bí ẹnikẹ́ni bá já a gbà, ọjà wa kò bà jẹ́. Owó ọjà wà nínú tòbí lábẹ́ ìró. Ìdá kẹta wà lára ẹlòmíì nínú wa, kí a má baà há sí ìlú onílùú bí nǹkan bá ṣe ẹnì kan. Ẹ̀yin náà jẹ́ méjì, ẹ pín in.

Ẹ má sì ṣẹ́ gbogbo owó ní bọ́dà. Ní Sèmè, bí ẹ bá ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ ni wọ́n á ti yí yín ká, tí tibí ń fà yín, tí tọ̀hún ń pè yín. Ẹ ṣẹ́ èyí tó máa gbé yín dé Kútọnu, tí ẹ ó fi jẹun, tí ẹ ó fi sanwó ibi tí ẹ máa sùn mọ́jú. Ìyókù, ẹ lọ bá ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù nínú ìlú. Ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù, bí ẹ bá padà lọ lọ́la, ibẹ̀ lẹ ó bá a.

Mo tún fẹ́ kí o mọ èyí. Ní January 1994, mo ní sẹ́fà tí mo rọra ń tọ́jú fún ọjà ńlá kan. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni wọ́n gé agbára rẹ̀ sí ààbọ̀: àádọ́ta sẹ́fà ló ń ra franc Faransé kan tẹ́lẹ̀, ó di ọgọ́rùn-ún. Mo ka owó mi, ó pé. Mo gbé e dé ọjà, kò tó nǹkan mọ́. Ojú mi rí nǹkan lọ́dún náà. Láti ìgbà yẹn, n kì í tọ́jú sẹ́fà ju èyí tí mo fẹ́ ná lọ, n kì í sì í fi gbogbo owó mi sínú owó orílẹ̀-èdè kan ṣoṣo.

Ọmọ_Kétu

Mo kí Ìyá wa o. Àǹtí Àdùkẹ́, ọmọ Kétu ni mí, Kútọnu ni mo ń gbé, iṣẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù ni mo ń ṣe. Ẹ jẹ́ kí n fún yín ní ohun kan tí ẹ ó fi mọ̀ bí wọ́n bá fẹ́ rẹ́ yín jẹ.

Wọ́n so sẹ́fà mọ́ yúrò. Yúrò kan jẹ́ sẹ́fà 655.957, bẹ́ẹ̀ ló wà láti ìgbà tí yúrò ti dé lọ́dún 1999. Kì í gòkè, kì í wálẹ̀. Náírà nìkan ló ń mì. Nítorí náà, láàárọ̀ ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ kúrò nílé, ẹ béèrè iye náírà tí wọ́n ń ta yúrò kan, kí ẹ fi 655.957 pín in, iye sẹ́fà kan nìyẹn. Ká ní 1,700 náírà ni yúrò (àpẹẹrẹ ni o, ẹ má gbé e lọ sí ọjà), ẹgbẹ̀rún kan sẹ́fà á jẹ́ nǹkan bíi 2,592 náírà. Ẹni tó ń ṣẹ́wó náà gbọ́dọ̀ jèrè. Bó bá pè é ní 2,650 tàbí 2,700, ẹ ṣì lè jọ dúnàá dúrà. Bó bá pè é ní 3,000, ẹ máa bá tiyín lọ.

Bí ẹ bá dé Hilla-Condji tí ẹ fẹ́ wọ Tógò, ẹnikẹ́ni tó bá sọ fún yín pé kí ẹ ṣẹ́ sẹ́fà Bẹ̀nẹ̀ sí sẹ́fà Tógò, ó fẹ́ gbowó yín ni. Owó kan náà ni. Orílẹ̀-èdè mẹ́jọ ló ń ná an, báǹkì àpapọ̀ wọn tó ń jẹ́ BCEAO wà ní Dakar. Bí ẹ bá wo nọ́ńbà ara bébà owó náà, ẹ ó rí lẹ́tà kan níparí rẹ̀: B ni ti Bẹ̀nẹ̀, T ni ti Tógò, A ni ti Ivory Coast, H ni ti Niger. Èyí tó wù kó jẹ́, wọ́n ń gbà á níbi gbogbo nínú mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ. Èyí tó yàtọ̀ ni sẹ́fà Kamẹrúùnù àti Gàbọ́ọ̀nù. Iye kan náà ni wọ́n, ṣùgbọ́n báǹkì mìíràn ló ń tẹ ẹ́, ẹ ò sì lè ná an ní Dantokpa. Bí ẹni tó ń ṣẹ́wó bá kó bébà tí ojú rẹ̀ ṣàjèjì fún yín, ẹ wo ibi tí wọ́n kọ orúkọ báǹkì náà sí.

Kí n tó gbàgbé: ẹ béèrè owó wẹ́wẹ́. Bí wọ́n bá kó kìkì 10,000 fún yín, ẹ̀ ń wá wàhálà. Ọlọ́kadà ibí, tí a ń pè ní zémidjan, kì í ní ṣẹ́ńjì. Ẹ gba 500, 1,000 àti 2,000, kí ẹ gba àwọn ẹyọ bíi 100 àti 50 pẹ̀lú.

Túndé_Tẹ́ẹ̀kì

Mo bọ̀wọ̀ fún àwọn àgbà, ṣùgbọ́n ó ń bà mí lẹ́rù tí a ṣì ń sọ̀rọ̀ dídì owó mọ́ ìdí. Mo lọ sí Dubai lọ́dún tó kọjá, káàdì ni mo fi san gbogbo nǹkan, láti ọkọ̀ ojú irin dé orí oúnjẹ. N kò fọwọ́ kan bébà owó ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ. Bí olè bá gba káàdì, mo lè tì í láti orí fóònù. Bí olè bá gba tòbí ńkọ́?

Bísí_Ọ̀ṣogbo

Bùrọ̀dá Túndé, Dubai kọ́ ni Dantokpa. Ẹni tó ń ta áńkárá nínú ìsọ̀ kò ní ẹ̀rọ tí ẹ máa fi káàdì sí. Èmi gan-an gbé káàdì náírà mi lọ sí Kútọnu. Mo fi sínú ẹ̀rọ ATM àkọ́kọ́, ó kọ̀ ọ́. Mo lọ sí ìkejì, ó kọ̀ ọ́. Mo pe báǹkì mi, wọ́n ní àwọn ti dá lílo káàdì náírà lókè òkun dúró, pé àwọn ti fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí íméèlì mi. N kò rí lẹ́tà kankan. Ọjọ́ méjì ni mo fi jẹ búrẹ́dì àti gàrí kí àbúrò mi tó rí ẹni tó mú owó bọ̀.

Ọ̀pọ̀ báǹkì wa ló dá a dúró ní 2022. Àwọn kan tún ti ń ṣí i padà láti 2025, ṣùgbọ́n wọ́n fi gbèdéke sí iye tí èèyàn lè ná. Àdùkẹ́, wọ inú báǹkì rẹ lọ fúnra rẹ, béèrè bóyá káàdì náà ń ṣiṣẹ́ ní Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò, èló lójúmọ́, èló ni wọ́n máa yọ fún ìnáwó kọ̀ọ̀kan. Má gba "ó yẹ kó ṣiṣẹ́" gẹ́gẹ́ bí ìdáhùn.

Túndé_Tẹ́ẹ̀kì

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Àǹtí Bísí. Ìyẹn dun èèyàn gan-an. Mo gbà pé ọjà yàtọ̀ sí ọjà. Káàdì dọ́là ni mo lò ní Dubai, n kò sọ ìyẹn níbẹ̀rẹ̀, ó sì yẹ kí n sọ ọ́.

Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un fún ẹni tí káàdì rẹ̀ bá ṣiṣẹ́. Nígbà míì, ẹ̀rọ máa béèrè lọ́wọ́ yín bóyá kó ṣírò owó náà ní owó ilé yín tàbí ní owó ìlú tí ẹ wà. Ó máa ń dà bí ẹni pé wọ́n ń ṣe yín lóore tí ẹ bá rí iye náà ní dọ́là tàbí náírà. Owó ìlú tí ẹ wà ni kí ẹ tẹ̀. Bí ẹ bá tẹ ti ilé, ẹni tó ni ẹ̀rọ ló máa fi réètì tirẹ̀ ṣírò rẹ̀, réètì náà kì í sì í dára.

Awakọ̀_Èkó_Àkrà

Mo ti wa ọkọ̀ ọ̀nà yìí ju ogún ọdún lọ, àfi ìgbà tí wọ́n ti bọ́dà láti 2019 wọ 2020. Ohun tí ojú mi ti rí ní Sèmè kò kéré. Ẹ gbọ́.

Wọ́n lè ká bébà kan po láàárín ìdì, kó wá dà bíi méjì tí ẹ bá ń fi àtàǹpàkò kà á létí. Ẹ tú ìdì náà, kí ẹ kà á lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan.

Èyí tó burú jù ni ti àdápadà. Ọkùnrin náà kà á fún yín, ẹ̀yin náà kà á, ẹ rí i pé bébà kan kò pé. Ó ní "ẹ má bínú, ẹ mú un wá," ó gbà á, ó fi bébà kan lé e lójú yín, ó tún kó o fún yín. Inú yín dùn pé ẹ̀yin lẹ jàre. Ẹ dé Kútọnu kí ẹ tó mọ̀ pé márùn-ún tàbí mẹ́fà ti lọ nídìí rẹ̀. Mo ti rí ìyá tó sunkún nínú ọkọ̀ mi nítorí èyí. Bí owó bá ti wọ ọwọ́ yín, kò gbọdọ̀ padà sọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Bí kò bá pé, kó na èyí tó kù wá.

Ẹ fi fóònù yín ṣírò, ẹ má lo kakulétọ̀ tirẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ béèrè iye tó ń rà àti iye tó ń tà, nítorí pé méjì ni wọ́n, bí ẹ bá ń bọ̀ wálé, iye tó ń ra sẹ́fà ló máa bá yín jà. Lóde òní wọ́n tún ń gba tiránsífà: ẹ fi náírà ránṣẹ́ sí àkántì rẹ̀, ó kó sẹ́fà fún yín. Ó dára, ó dín owó tí ẹ ń gbé kiri kù. Ṣùgbọ́n sẹ́fà gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ yín, kí ẹ ti kà á tán, kí ẹ tó tẹ owó ránṣẹ́. Kí ẹ sì mọ̀ pé nẹ́tíwọ̀kì ibẹ̀ máa ń dá èèyàn lágara.

Ẹni tó bá ń kọjá Lomé sí Aflao, sídì ni owó Gánà. Ẹ má ṣẹ́ sídì sílẹ̀ ní Sèmè, ó máa jìn sí yín lọ́wọ́. Ẹ dúró dé ẹnu Aflao.

Alhaja_Abẹ́òkúta

Àlàyé Ọmọ_Kétu rán mi létí nǹkan kan. Bákan náà ni riyal ilẹ̀ Sáúdì rí. Dọ́là kan jẹ́ riyal 3.75, láti 1986. Nígbà tí mo lọ Hájì, ẹnì kan ní Mẹ́kà fẹ́ fún wa ní 3.40. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú ẹgbẹ́ wa ló sọ fún un pé gbogbo ayé mọ iye rẹ̀. Ó fún wa ní 3.70 láìjiyàn.

Ẹ̀yin tó ń mú dọ́là dání, ẹ wo bébà rẹ̀ dáadáa kí ẹ tó gbà á nílé níbí. Ọgọ́rùn-ún dọ́là tó ní okùn búlúù láàárín, èyí tó jáde ní 2013, ni wọ́n ń fẹ́. Èyí tó ti pẹ́, olórí kékeré, owó tín-ín-rín ni àwọn àbókí máa fi rà á lọ́wọ́ yín. Dọ́là márùn-ún márùn-ún àti mẹ́wàá mẹ́wàá náà kì í níye bí ọgọ́rùn-ún. Bí ẹnì kan bá sì ti fi yíǹkì kọ nǹkan sí i lára, ẹ dá a padà fún un.

Ọmọ_Ẹ̀gbá_Lọ́ńdọ̀nù

Ẹ kú ìjíròrò. Ọ̀nà yín yàtọ̀ sí tèmi, àmọ́ ẹni tó ń bọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù lè rí èyí kà. Ìyá mi wá kí wa, ó kó pọ́n-ùn bébà tó ti wà nínú àpótí rẹ̀ ní Abẹ́òkúta láti ìgbà tí bàbá mi ti ń wá síbí. Ogún pọ́n-ùn, àádọ́ta pọ́n-ùn, gbogbo rẹ̀ mọ́ tónítóní. Kò sí ṣọ́ọ̀bù kan tó gbà á. Owó bébà ogún àti àádọ́ta ti kúrò lọ́jà láti September 30, 2022. Oníke ni wọ́n ń ná báyìí. Ojú ìyá mi fà ro, ó rò pé owó bàbá mi ti ṣègbé. Kò ṣègbé. Bank of England ṣì ń pààrọ̀ wọn. Mo bá a fi ìwé ránṣẹ́, ó sì gba owó rẹ̀ pé. Ẹ lọ wo àpótí àwọn òbí yín.

Kí ẹni tó ń bọ̀ sì mọ̀ pé bọ́ọ̀sì Lọ́ńdọ̀nù kò gba owó ọwọ́ mọ́ láti July 2014. Káàdì ni ẹ ó fi kan ẹ̀rọ ẹnu ọ̀nà. Tí káàdì yín kò bá ṣiṣẹ́, ẹ ra Oyster, káàdì tí wọ́n fi ń sanwó ọkọ̀ níbí, ní ibùdókọ̀ ojú irin.

Àdùkẹ́_Ìbàdàn

Ọlọ́run á bù kún gbogbo yín. Mo ka gbogbo rẹ̀ sí ìyá mi kékeré létí, ó ní kí n dúró lé orí ti Ìyá Aláṣọ. Ìbéèrè méjì ló kù. Ìyá, irú tòbí wo lẹ ń lò? Ti ìyá mi kékeré ní okùn kan lásán. Ìkejì: ṣé kọ́sítọ̀mù lè gba owó wa?

Ìyá_Aláṣọ_Gbági

Okùn kan kò tó. Gbé e lọ fún télọ̀, kó fi aṣọ tó nípọn rán an, kó pín in sí àpò méjì, kó fi síìpù sí ẹnu ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kí okùn rẹ̀ fẹ̀ bí ìka mẹ́ta kó má baà gé yín nínú ọkọ̀. Fi ọ̀rá wé owó kí o tó kó o sí i, nítorí òógùn. Kí ẹ má sì ṣí i láàárín ọjà. Bí ẹ bá fẹ́ sanwó ńlá, ẹ wọ inú ṣọ́ọ̀bù ẹni tí ẹ fẹ́ rajà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ ní kó jẹ́ kí ẹ lo ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Obìnrin ni wọ́n, wọ́n mọ̀ ọ́n, kì í ṣe ohun tuntun sí wọn.

Ní ti kọ́sítọ̀mù, èyí tó bá ju 10,000 dọ́là lọ, tàbí iye rẹ̀ ní owó mìíràn, ni òfin Nàìjíríà ní kí èèyàn kéde rẹ̀. Tiyín kò sún mọ́ ọn. Ẹ ṣáà mú ìwé ìrìnnà yín dání kí ó pé, kí ẹ má baà fún ẹnikẹ́ni ní ìdí láti dá yín dúró.

Àdùkẹ́_Ìbàdàn

A ti dé o! Àná la wọ Ìbàdàn. Mo ṣèlérí pé mo máa ròyìn.

Ọkùnrin àkọ́kọ́ ní Sèmè pe ẹgbẹ̀rún kan sẹ́fà ní 2,900. Mo ti fi yúrò àárọ̀ ọjọ́ náà ṣírò nílé, mo sì kọ ọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ mi. Mo sọ iye tí mo mọ̀ fún un, mo ní èrè díẹ̀ kò burú. Ó wò mí, ó ní "ìwọ kì í ṣe àlejò." A parí rẹ̀ sí 2,680. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgbọ̀n sẹ́fà péré la gbà níbẹ̀, a sì ṣẹ́ ìyókù ní Kútọnu lọ́wọ́ bàbá kan tó ní ṣọ́ọ̀bù nítòsí ọjà.

Bàbá yìí ni mo fẹ́ sọ. Nígbà tí a fẹ́ san owó áńkárá, ìyá tó ń tajà yọ 5,000 kan sọ́tọ̀, ó ní ó ti ya, wọ́n fi sẹlotépù lẹ̀ ẹ́, òun kò gbà. A kò rí i nígbà tí a ń kà á, nítorí pé iye la ń kà, a kò wo ojú rẹ̀. Ìyá mi kékeré gbé e padà lọ. Bàbá náà kò bá a jà, ó wo bébà náà, ó fún un ní òmíràn. Ká ní bọ́dà la ti gbà á ni, ta la fẹ́ gbé e padà lọ fún?

Ní Hilla-Condji, wọ́n sọ fún wa lóòótọ́ pé kí a ṣẹ́ sẹ́fà sí ti Tógò. Ìyá mi kékeré ló dá wọn lóhùn, ó fi T hàn wọ́n lára owó tí a ti gbà ní Kútọnu. Káàdì mi ṣiṣẹ́ ní ATM kan ní Lomé, kò ṣiṣẹ́ ní èkejì. Mo dúpẹ́ pé kì í ṣe òun la gbójú lé.

Ẹyọ sẹ́fà kún ọwọ́ wa nígbà tí a ń bọ̀. Àwọn tó ń ṣẹ́wó ní Sèmè kò gbà á lọ́wọ́ wa, bébà nìkan ni wọ́n ń fẹ́.

Ọmọ_Kétu

Ẹ kú ewu ọ̀nà! Mo gbàgbé láti sọ ìyẹn, ẹ dárí jì mí. Wọn kì í ra ẹyọ. Lọ́jọ́ mìíràn, ẹ fi ra búrẹ́dì tàbí ọ̀pẹ̀ òyìnbó lójú ọ̀nà kí ẹ tó dé bọ́dà.

Àdùkẹ́_Ìbàdàn

Kò burú, àbúrò mi. Ó kù 1,450. Ìyá mi kékeré ti kó o sínú àpò kejì tòbí tuntun náà, ó fa síìpù rẹ̀ pa, ó ní òun ni owó zémidjan wa fún oṣù tó ń bọ̀.